Kí Dáìsì Tó Yí: Bí Ẹ Ṣe Máa Pinnu Ohun Tó Jẹ́ Rere àti Ibi Nínú Eré D&D Yín

Nínú eré D&D (Dungeons & Dragons), ẹgbẹ́ kan máa ń fẹnu sọ ìtàn, oníkálukú ń ṣe ẹ̀dá kan, wọ́n sì ń yí dáìsì kí wọ́n lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wò ó ná: ẹ ti mú olè kan lójú ọ̀nà. Kò lè ju ọmọ ọdún 16 lọ, ẹ ti dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ní kí ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹnì kejì ní tí ẹ bá tú u sílẹ̀, á lọ kó àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá kílẹ̀ tó mọ́. Ẹnì kẹta ti fa ọ̀bẹ yọ. Ló bá kọjú sí olùdarí eré, ẹni tó ń sọ ìtàn náà tó sì ń dájọ́: "Ẹ̀dá mi, Lawful Good ni, ẹni rere tó ń pa òfin mọ́. Ṣé mo lè pa á àbí n kò lè pa á?"

Bí ẹ kò bá ti jọ fẹnu kò lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí tẹ́lẹ̀, àríyànjiyàn lẹ máa fi ìyókù alẹ́ yẹn ṣe. Ìmọ̀ràn wa kò lọ́jú: ẹ jẹ́ kí ìṣe èèyàn àti ohun tí ìṣe náà ń fà jẹ́ òṣùwọ̀n, ẹ kọ òṣùwọ̀n ọ̀hún sílẹ̀ níṣojú gbogbo ẹni tó máa ṣeré, kí ẹ má sì jẹ́ kí ìran tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni sí sọ ọ́ di ẹni burúkú.

Ohun tí ìwé òfin sọ

Nígbà tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní 1974, alignment (orúkọ tó ń sọ irú ìwà tàbí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀dá wà) mẹ́ta péré ló wà: Law (òfin), Neutrality (àìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni) àti Chaos (ìdàrúdàpọ̀). Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀dá kan wà bí ogun bá dé ló ń tọ́ka sí jù. Nígbà tí ìwé Players Handbook ti 1978 fi jáde, Good (rere) àti Evil (ibi) ti wà nínú rẹ̀, ó sì ti di mẹ́sàn-án. Nínú ìwé yẹn, paladin (jagunjagun tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa ṣe rere) tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi ti pàdánù ipò rẹ̀ títí láé, òfin yìí sì ti dá ìjà sílẹ̀ nídìí ọ̀pọ̀ tábìlì. Ẹ̀dà kẹrin, ní 2008, dín alignment kù sí márùn-ún. Ẹ̀dà karùn-ún, ní 2014, dá mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án padà, ṣùgbọ́n ó ti gba agbára lọ́wọ́ wọn. Idán Detect Evil and Good, fún àpẹẹrẹ, kì í fi èèyàn burúkú hàn mọ́. Irú àwọn ẹ̀dá bí iwin, áńgẹ́lì, ànjọ̀nú àti òkú tó ń rìn ló ń tú fó, láàárín ẹsẹ̀ bàtà 30. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fẹ́ fi idán yẹn mọ oníṣòwò tó ń purọ́, ẹ sọ fún un pé idán ọ̀hún kò ríran débẹ̀.

Pathfinder, eré mìíràn tó jọ D&D, ti yọ alignment kúrò pátápátá nínú ìwé Player Core ti 2023. Ohun tí ẹ̀dá gbọ́dọ̀ ṣe àti ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Èèwọ̀! Ohun tí àwọn baba ńlá wa fi tọ́ ìlú láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, àwa ló sì yẹ kó rọrùn fún jù láti lò.

Ẹ mú irú ayé tí ẹ fẹ́

Ohun èlò kò pọ̀: ìwé A4 mẹ́ta, bírò, àti bí ìṣẹ́jú 45 ṣáájú eré àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé gidi, nítorí bátìrì fóònù lè kú nígbà tí àríyànjiyàn bá gbóná.

Irú ayé mẹ́ta ló wà. Nínú èkíní, rere àti ibi jẹ́ agbára tó ṣeé fojú rí: idà mímọ́ máa ń tàn, ilẹ̀ tí ẹni ibi tẹ̀ máa ń gbẹ. Ó dára fún eré kúkúrú tàbí fún àwọn ọmọdé. Nínú èkejì, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ohun tó kà sí èèwọ̀ àti ohun tó ń yìn. Nínú ẹ̀kẹta, kò sí ìdájọ́ kankan, ẹ̀jẹ́ tí oníkálukú jẹ́ nìkan ló ń dè é.

Èkejì la fara mọ́ fún eré tó máa pẹ́. Tibi tire la dá ilé ayé, ayé tí ẹ bá sì dá báyìí kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹ lè fi àwọn ajogun sẹ́yìn rẹ̀: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n àti Èṣe. Wọ́n wúlò gan-an, torí kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá ó dáa kí a bá Àrùn jà. Ẹ má wá fi Èṣù ṣe ọba wọn o. Ìránṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ ni, ó ń wo ẹni tó rú àti ẹni tí kò rú. Bí ẹ bá sọ ọ́ di Sátánì, ẹ ti ba ẹ̀dá tó dùn jù nínú ìtàn yẹn jẹ́.

Ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Tábìlì ẹlẹ́ni márùn-ún ní Kubwa tàbí Lugbe l'Abuja lè ní Yorùbá méjì, Hausa kan, Gbagyi kan àti Tiv kan. Ẹnì kan ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn á dìde lọ kírun Làásàrì láàárín eré. Ẹ fún oníkálukú ní bébà kékeré kan. Kó kọ ohun tí kò fẹ́ kó wáyé rárá sí ojú kan, kó kọ ohun tó lè wáyé ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí ẹ ṣàpèjúwe sí ojú kejì, kó má kọ orúkọ rẹ̀. Olùdarí á kó wọn jọ, á kà wọ́n jáde, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ béèrè ìdí.

Ohun tó sábà máa ń jáde níbẹ̀ ni ìfipábánilòpọ̀, pípa ọmọdé, ẹbọ ẹlẹ́jẹ̀, àti kí wọ́n máa pe orúkọ Ọlọ́run gidi lẹ́nu ọ̀daràn. Ẹ fi ìjínigbé kún un fúnra yín. Ohun tó jẹ́ ìtàn lásán níbòmíràn, ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ni fún ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń rin ọ̀nà Abuja sí Kaduna.

Ìkìlọ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fò ni ti ẹ̀yà. Bí orc yín (ìran ẹ̀dá kan tí wọ́n sábà fi ń ṣe ọ̀tá nínú eré) bá ń da màálù, tó ń wọ aṣọ bíi ti ẹ̀yà kan tí gbogbo yín mọ̀, tó sì ń sọ̀rọ̀ bíi tiwọn, tí ẹ wá ní gbogbo wọn ló burú láti inú ìyá wọn, ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún yín ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ jẹ́ kí orc ní ìlú, ní èèwọ̀, ní àgbà tó ń bínú sí àwọn ọmọ tó ń jalè. Olè inú wọn ni kí ẹ bá jà.

Ìwé èèwọ̀

Ẹ gé A4 kan sí mẹ́rin, ìlú tàbí ẹgbẹ́ kan ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ èèwọ̀ mẹ́ta, ohun ìyìn méjì, ẹni tó ń dájọ́, àti ìyà. Ẹ má kọ ju èèwọ̀ mẹ́ta lọ, ẹ kò ní rántí wọn. Ẹ sì kọ ọ́ bí ìṣe tí ojú lè rí. "Ìkà" kì í ṣe èèwọ̀ tó ṣeé dá lẹ́jọ́, "pípa ẹni tó ti ju ohun ìjà sílẹ̀" ni.

Ẹ wo ìlú méjì yìí. Ní Odò-Ìlẹ̀kẹ̀, èèwọ̀ ni pípa ẹni tó ti túúbá, títa oúnjẹ ju ìlọ́po méjì lọ lásìkò ìyàn, àti dída májẹ̀mú tí wọ́n ṣe létí omi. Ìyálọ́jà ló ń dájọ́. Àwọn oníràkúnmí tó ń gba ọ̀nà náà kọjá kórìíra kí èèyàn tú olè sílẹ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó jà lólè rí i, kí ó fi omi du arìnrìn-àjò, àti kí ó sùn nígbà tí ìṣọ́ bá kàn án.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ tí ẹ dè yẹn wàyí. Bí ẹ bá pa á, ẹ ti ru èèwọ̀ Odò-Ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá tú u sílẹ̀, àwọn oníràkúnmí á gbọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mú un lọ bá wọn, ọjọ́ méjì ni ẹ ó yà kúrò lọ́nà, á máa jẹ nínú oúnjẹ yín, ẹnì kan á sì máa ṣọ́ ọ lóru. Olùdarí kò ní láti sọ èwo ló dára. Ó kàn máa sọ iye tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan máa ná yín, ẹ̀yin lẹ máa yan èyí tí ẹ lè gbà.

Ẹ ṣírò orúkọ yín lọ́dọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan láti −3 dé +3, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ẹ ru èèwọ̀, ó dín kan. Ẹ ṣe ohun ìyìn, ó lé kan. Ìpakúpa tàbí ọ̀dàlẹ̀ nìkan ló ń dín méjì lẹ́ẹ̀kan. Ní +2, wọ́n á fún yín nílé sùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní −2, gbogbo ọjà á fi ìdajì lé lówó. Ní −3, wọ́n á ti ẹnubodè, wọ́n á sì rán ọdẹ tẹ̀ lé yín. Iye náà kì í yí àfi tí ẹnì kan bá rí yín tàbí tí ìròyìn bá dé ìlú, ìròyìn sì máa ń dé ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e. Àlàfo yìí dùn púpọ̀, torí ẹgbẹ́ lè sáré débẹ̀ ṣáájú ìròyìn kí wọ́n lọ jẹ́wọ́.

Ti ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan

Ìlà mẹ́ta tó lórí ìwé ẹ̀dá: ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe, ohun tí n kò ní ṣe láé, ẹni tí n kò lè dà. Ẹ̀dá tó ń sin òrìṣà tàbí ọlọ́run kan á fi èèwọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kún un. Bó bá ru ú lẹ́ẹ̀kíní, àlá ìkìlọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, agbára kan á lọ títí yóò fi ṣètùtù. Lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo agbára. Kí ó tó yí dáìsì, olùdarí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta: "Ọ̀gá rẹ kò ní fẹ́ èyí, ṣé o ṣì máa ṣe é?" Ẹ̀dá náà ti ń sin ọ̀gá rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó mọ ohun tí ẹni tó ń ṣeré rẹ̀ lè ti gbàgbé. Olùdarí tó bá dákẹ́ kó lè gba agbára lọ́wọ́ èèyàn ti hùwà àìdáa sí i.

Ti ọ̀daràn ńlá kò gba àkókò: kọ ohun tó ń wá, ohun kan tí kò ní ṣe láé, àti ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́

"Bí ẹ̀dá mi ṣe rí nìyẹn" ló wọ́pọ̀ jù. Ẹnì kan á jí owó ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú eré, á ní Chaotic lòun. Òfin tó ń wò ó sàn ni pé kò sẹ́ni tó lè jalè tàbí gbé ọwọ́ sókè sí ẹ̀dá ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ni ẹ̀dá náà.

Èkejì ni ẹni tó gbà pé Neutral túmọ̀ sí kó gba ẹnì kan là lónìí, kó pa ẹnì kan lọ́la. Bi í pé ta ló fẹ́ràn jù láyé yẹn, ìwà rẹ̀ á ní ìtọ́sọ́nà. Ẹ̀kẹta, olùdarí lè máa gbé ìdẹkùn kalẹ̀ lójoojúmọ́ débi pé gbogbo ọ̀nà ló ní ẹ̀bi nínú. Ó máa ń rẹ èèyàn. Ìṣòro líle kan lẹ́ẹ̀kan eré ti tó; ẹ jẹ́ kí ìyókù jẹ́ ohun tí ẹ lè fi ayọ̀ ṣe, bíi kí ẹ kó àwọn ará abúlé jáde nínú iná.

Lẹ́yìn eré mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ tún ìwé èèwọ̀ kà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èèwọ̀ tí kò tíì kan ẹnikẹ́ni látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kéré jù nínú yín kọ òmíràn sípò rẹ̀.