Bí a ṣe dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ wa n'Ìbàdàn

Níbi ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan n'Ìbàdàn. Àwa 63 ni a máa ń wọ géètì láràárọ̀, ṣùgbọ́n àwa 19 péré ni a ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn 44 yòókù ni wọ́n ń pè ní kásúà: kọngílá kan ni ó kó wọn wá, òun ni ó ń san owó wọn lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ti lo ọdún mẹ́fà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. ₦1,800 ni owó iṣẹ́ wọn lóòjọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ buwọ́ lu òfin tí ó gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000, iye tí ó wà láti ọdún 2019, lọ sí ₦70,000. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì dúró de ìyàtọ̀ ní ìparí oṣù. Oṣù mẹ́rin kọjá, a kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ìgbà náà ni mo pinnu pé a gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́, mo sì ń kọ ìrírí yìí sílẹ̀ kí ẹni tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ lè mọ ọ̀nà tí a gbà àti ibi tí a ti ṣìnà.

Ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Mo rò pé nígbà tí ó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà wà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo kọ lẹ́tà, mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì gbà mí tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ní ìgbà kẹta ni òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan fi mí jókòó, tí ó ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 hàn mí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, aáwọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, títí kan owó oṣù tí ó kéré jù lọ, gbogbo wọn ni ó wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ṣòfò kí n tó mọ èyí. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè rí lò ní ìpínlẹ̀ ni àwọn ọ́fíìsì tí ó wà níbẹ̀: ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ ti NLC, àgbájọ àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àti ilé-ẹjọ́ tí ó wà fún ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, èyí tí ó ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn.

Ní ọ́fíìsì NLC ni mo ti gbọ́ pé NLC fúnra rẹ̀ kì í gba òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wọlé. Àgbájọ àwọn ẹgbẹ́ ni ó jẹ́ láti ọdún 1978 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá irú iṣẹ́ ẹni mu ni ẹni yóò wọ̀, tiwa sì ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, ohun mímu àti tábà. Akọ̀wé tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ àgbàlagbà, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ n'Ílọrin, ní ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Michael Imoudu pè. Ó fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945, nígbà tí ọjà gbówó lórí nítorí ogun tí owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan, tí Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú ìjà náà fún ọjọ́ tí ó lé ní ogójì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì ni ó ní kí a lọ ṣe. Ó ní, “Ẹ má tíì bá ọ̀gá yín sọ nǹkan kan. Ẹ lọ ka ara yín ná.”

Mo padà sílé, mo kọ orúkọ gbogbo wa sórí ìwé gbàǹgbà kan, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: ibi ìpo, ibi ààrò, ibi ìdìpọ̀, ibi ìkẹ́rùsí, àwọn awakọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ ẹni tí onítọ̀hún máa ń gbọ́ sí lẹ́nu sí. Iṣẹ́ yìí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ṣe, nítorí pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù kì í sábà jẹ́ ẹni tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé. Ní ibi ìdìpọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó máa ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ owó lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀, ojú ìyá kan báyìí ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń wò kí wọ́n tó dáhùn.

Mo lọ bá ìyá náà nílé ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé lẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí inú bá bí ọ̀gá, ta ni wọn yóò kọ́kọ́ lé?” N kò rí èsì fọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni a ti fẹnu kò pé ọ̀rọ̀ àwọn kásúà ni yóò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ yóò béèrè. Lẹ́yìn náà ni ó wọ yàrá, tí ó mú ìwé kan jáde, èyí tí ọmọ rẹ̀ ti lo ìdajì rẹ̀ ní ilé-ìwé. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ti ń kọ ọ́: ọjọ́, aago tí ó wọlé, aago tí ó jáde, iye tí wọ́n fún un. Bíró ni ó fi kọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ibi tí bíró ti tán, ó sì fa òbírí yí gbogbo ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ní kí ó wá ṣiṣẹ́ ká. A jùmọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀. Ọjọ́ 26 lóṣù, ní ₦1,800 lóòjọ́, jẹ́ ₦46,800; ₦23,200 ni ó fi dín sí ohun tí òfin sọ.

Bàbá fún wa ní ẹ̀dà àwọn òfin náà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn le, nítorí náà mo fi Yorùbá kọ ohun mẹ́rin sórí ojú ewé kan. Ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni láti wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìwé òfin orílẹ̀-èdè sọ ọ́ ní abala 40. Agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni tàbí fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé tí ó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ọjọ́ méje, ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìsinmi. Ìyá yẹn ni ó ń mú ìwé náà káàkiri ilé àwọn obìnrin ìdìpọ̀, tí ó ń ní kí ọmọ wọn kà á sókè fún wọn. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àwa 51 ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù.

Ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ láti sọ pé a ti dá ẹ̀ka sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí kọngílá fi sọ fún méjì nínú àwọn obìnrin ìdìpọ̀ pé kí wọ́n má wá mọ́. Inú bí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní àwọn yóò ti géètì pa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òfin aáwọ̀ iṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ tirẹ̀, àti pé bí a bá fo ọ̀kan, àwa ni a ó di ẹlẹ́bi. Inú mi kò dùn sí i lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo gbà báyìí pé òun ni ó tọ̀nà. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n dá sí i, a sì ń dá ₦500 ₦500 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn obìnrin méjèèjì kí ebi má baà pa ilé wọn.

Níbi ìpàdé tí ọ́fíìsì náà pè, lọ́yà ilé-iṣẹ́ sọ pé òfin owó oṣù yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó 25 sílẹ̀, àti pé òṣìṣẹ́ 19 ni ilé-iṣẹ́ náà ní. Ti kọngílá ni àwọn yòókù. Àyà mi já, nítorí òótọ́ ni pé òfin sọ 25. Ìyá yẹn tẹ̀ mí lórúnkún, ó sì tú ìwé kan tí ó ká sí mẹ́rin sáàárín ìwé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ìkìlọ̀ ni, wọ́n fún un nígbà tí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó wà lókè, mánéjà ilé-iṣẹ́ ni ó buwọ́ lù ú. Aṣojú ìjọba kà á tán, ó sì bi lọ́yà pé báwo ni èèyàn ṣe ń fún ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀. Lọ́yà ní kí wọ́n fún àwọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìpàdé méjì mìíràn ni a tún ṣe kí a tó buwọ́ lu àdéhùn. Àwọn obìnrin méjèèjì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ yóò máa san owó gbogbo wa fúnra rẹ̀, ₦70,000 ni yóò sì jẹ́ ìpìlẹ̀ láti oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Wọ́n yóò máa fún wa ní ìwé tí ó fi owó oṣù hàn, wọ́n yóò sì máa yọ owó ẹgbẹ́ láti ibẹ̀. Owó ìyàtọ̀ ti àwọn oṣù tí ó ti kọjá kò bọ́ sí wa lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní pé a buwọ́ lù ú láìsí i. Nínú àwọn 44, àwọn 20 ti gba ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ti àwọn 24 yòókù ṣì wà lórí tábìlì, òun sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ìpàdé ẹ̀ka wa.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pín ìwé owó oṣù, ìyá yẹn kò yọ̀ bí àwa yòókù ti ń yọ̀. Ó jókòó sórí páálí bisikíìtì, ó ṣí ìwé ọmọ rẹ̀, ó sì ń fi ìka tọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kan dín. Àwa méjèèjì jọ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé owó, wọ́n sì tún un ṣe kí a tó jáde níbi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.