Oògùn Kò Mọ́ Kòkòrò Lára: Ẹ Yé Fín Ọ̀kan Náà

Gbogbo ìgbà tí fall armyworm, kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, bá ti ba oko jẹ́, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Oògùn ti mọ́ wọn lára." Rárá o. Kòkòrò kan kì í mu oògùn títí kó wá mọ́ ọn lára. Bí wọ́n ṣe bí àwọn kan nínú wọn ni apá oògùn kò ti ká wọn.

Ohun mẹ́ta ló ń mú kí irú wọn gba oko. Àwọn kòkòrò kò rí bákan náà: oògùn ń pa ọ̀pọ̀, ó ń fi díẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó yọ àwọn díẹ̀ yẹn sì jẹ́ àjogúnbá. (Èyí tó kàn sá sínú ọkàn àgbàdo tí oògùn kò fi kàn án, kò ní nǹkan kan tí ọmọ rẹ̀ máa jogún.) Ìkẹta, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn tó ní i ló ń bímọ jù. Ẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta yìí, ẹ̀yin gan-an lẹ ń ṣe é: ẹ fín oògùn kan náà léraléra, gbogbo èyí tó lè kú kú, àwọn tí kò kú nìkan ló wá ń bá ara wọn gùn.

Ẹ máa ní ẹ ti pààrọ̀ oògùn. Ẹ gbé ike méjèèjì wá ká wò ó. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ń sọ ọ̀nà tí oògùn náà ń gbà pa kòkòrò; bí nọ́ńbà bá jọra, ọ̀nà kan náà ni. Cypermethrin, nọ́ńbà 3A. Lambda-cyhalothrin, 3A náà ni! Ike lẹ pààrọ̀. Emamectin benzoate jẹ́ 6, spinetoram jẹ́ 5, chlorantraniliprole jẹ́ 28. Bí wọn kò bá kọ nọ́ńbà sí i, orúkọ oògùn tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kà, ẹ fi àwòrán sílẹ̀.

Níbi tí ooru bá wà, nǹkan bí ọjọ́ 30 ni ìran kòkòrò yìí kan ń gbà. Nọ́ńbà kan fún ọjọ́ 30, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fín in. Nọ́ńbà mìíràn fún ọjọ́ 30 tó tẹ̀ lé e. Ẹ má dín ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike kù, ẹ má sì fi kún un.

Kí ẹ tó fín rárá, ẹ wo igi àgbàdo 10 ní ibi 5 kọ̀ọ̀kan nínú oko. Bí àgbàdo bá ṣì kéré, tí èyí tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ kò tó 10 nínú 50, ẹ gbé ẹ̀rọ yín sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ tí ẹ fín in sílẹ̀, kí ẹni tó máa fín tẹ̀ lé e má baà máa méfò.