Bàtà tó ya mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè

₦38,000 ni mo fi ra bàtà tí kò gbé mi dé ibi ìsinmi kẹta lórí Òkè Ìdànrè. Mo padà gun òkè náà dé orí, mo sì máa sọ bó ṣe rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ bàtà yìí ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí.

Ọjà òkìrìkà kan l'Ékòó ni mo ti rà á. Awọ tó nípọn, ó ga bo ọrùn ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ ní eyín bíi táyà katakata. Ẹni tó tà á búra pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ rí, pé inú páálí ló wà láti ọjọ́ tó ti kúrò lókè òkun. Mo yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn, kò sí ibi tó ha. Mo ná an títí, kò gbà. Kò sì purọ́ fún mi o, ẹnikẹ́ni ò wọ bàtà náà rí lóòótọ́. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn, mi ò sì mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ti Àkúrẹ́ dé Odòde-Ìdànrè kò nílò àlàyé. Takisí wà, ọ̀nà ò jìn. Ẹ sanwó ìwọlé, wọ́n á fún yín lẹ́ni tó máa mú yín lọ, ó parí. Àtẹ̀gùn lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé. Ó lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ la bẹ̀rẹ̀, nínú ọyẹ́, oṣù kejìlá.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi ìsinmi kejì ni mo gbọ́ "fàà" lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Mo rò pé ewé gbígbẹ ni mo tẹ̀. Ìgbà tí mo máa gbé ẹsẹ̀, ìdí bàtà ti ṣí láti gìgísẹ̀, imú nìkan ló ṣì fi so mọ́ awọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú mi lọ ní, "Àǹtí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, okùn wà." Ó fa okùn kan yọ lápò, ó dì í ní ìdì mẹ́ta. A ò tíì gun ogójì àtẹ̀gùn tí ti òsì náà fi ṣí. Mo jókòó. Ìyá kan ń bọ̀ látòkè, igbá ẹrù lórí, sìlípáàsì rọ́bà lẹ́sẹ̀. Mo kí wọn, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bàtà yẹn ti jẹrà." Wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bí ẹni ń rìn nínú ilé. Inú bí mi dé ọ̀fun.

Bí a ṣe padà sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n júwe bàbá ṣúmékà kan fún mi ní Odòde. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé bàtà fún wọn, mo ní kí wọ́n bá mi fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kíákíá. Wọn ò fèsì. Wọ́n fi èékánná ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń dà sórí ìwé ìròyìn tó wà lórí itan wọn, wóró-wóró, bí búrẹ́dì tó ti gbẹ. Wọ́n ní, "Mi ò lè fi gọ́ọ̀mù lẹ èlùbọ́, ọmọ mi."

Láti aago méjìlá ni mo ti wà níbẹ̀. Bàbá ní kí a gé gbogbo ibi tó jẹrà dànù, ká fi táyà ṣe ìdí mìíràn, àmọ́ táyà tí wọ́n ní ò tó. Wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ wọn lọ sí Aládé. Aago kan, kò dé. Aago méjì, kò dé. Òkè ń wò mí, mo ń wò ó, oòrùn ń yí. Nígbà tó máa fi dé, táyà tó mú wá ti le jù, ó tún padà lọ. Àwọn obìnrin méjì ti gbé bàtà ọmọ iléèwé wá láàárín kan, bàbá sì ní tiwọn yá ju tèmi lọ. Mo fẹ́ sunkún.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì wọn ẹsẹ̀ mi sórí táyà, wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n fi irin lu ihò yí i ká, ní ìwọ̀n ìka kan síra wọn. Wọ́n fi ìda ra òwú kó tó wọlé, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ bàtà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fa òwú kọ̀ọ̀kan le. ₦7,000 ni wọ́n gbà. Ilẹ̀ ti ṣú. Mo fi ₦12,000 sùn nílé àlejò, mo tún sanwó ìwọlé lọ́jọ́ kejì.

Rọ́bà rírọ̀ tó wà láàárín awọ àti eyín ló jẹrà. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ bàtà bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bàtà tí wọ́n tọ́jú sínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún á jẹrà láìsí ẹni tó rí i. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ká a kọrọdọ lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ń sán tàbí tó ń rún, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ wo inú ahọ́n bàtà náà, ọ̀pọ̀ ló ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é níbẹ̀. Fún Ìdànrè lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kánfáàsì tó di ilẹ̀ mú dáadáa tó. Lásìkò òjò, ojú àpáta máa ń yọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀, n ò sì dúró níbi ìsinmi kankan títí dé ìkẹrin. Táyà bàbá dì mọ́ àpáta bí ẹni fi ọwọ́ mú un. Lókè, àwòdì kan ń rà bàbà nísàlẹ̀ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò, òrùlé Odòde sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀bọ sáré gba ojú àpáta kọjá, alángbá ń ya oòrùn. Lẹ́yìn náà la dé ìlú àtijọ́, níbi tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó kó sọ̀ kalẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá: ààfin Ọwá pẹ̀lú òpó gbígbẹ́ rẹ̀, kóòtù, ilé ẹ̀kọ́. Láti 2007 ni òkè yìí ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà gbé síwájú UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kó kà sí ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Mo fọwọ́ kan ògiri ààfin náà, orí mi wú. Àwọn èèyàn gbé omi, gbé ọmọ, gbé iyán gun ibí yìí kí wọ́n tó ṣe àtẹ̀gùn kankan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú mi dé ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ihò inú àpáta tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, àfi ti àjẹ́. Mo tú okùn bàtà, mo bọ́ méjèèjì, mo sì ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Àpáta náà ṣì tutù láti òru. Ó bá mi mu régí, láti gìgísẹ̀ dé ọmọnìka.