Bí mo ṣe gba ìwé lọ́wọ́ kánsù wa pẹ̀lú òfin FOI

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní media law ló ní kí kálukú wa lọ kọ lẹ́tà FOI (Freedom of Information, òfin tó fún ará ìlú láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba) sí ọ́físì ìjọba kan. Kánsù wa ni mo mú, torí health centre àdúgbò wa tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe, òrùlé ẹ̀ ṣì ń jò.

Lẹ́tà yẹn ò gùn. Mo kọ pé òfin FOI 2011 ni mo fi ń béèrè, mo wá dárúkọ ìwé tí mo fẹ́ gan-an, ìyẹn àdéhùn wọn pẹ̀lú kọngílá àti owó tí wọ́n san fún un. Ẹ má kọ "gbogbo ìwé tó bá wà" o, wọ́n á ní ò yé àwọn. Ẹ̀dà méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kí wọ́n lu sítáǹpù àti déètì sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín, torí ọjọ́ 7 péré ni òfin fún wọn.

Bàbá tó gbà á bi mí pé "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú sà, abala 1 ní ẹni tó béèrè ò ní láti sọ ìdí. Ọkàn mi ń lù kìkì, torí alẹ́ àná ni mo ka Decree 4 ti 1984, òfin ìjọba ológun tí wọ́n fi ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn oníròyìn ìwé ìròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n ọdún kan torí ìròyìn nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ yàn ṣe aṣojú sókè òkun. Lábẹ́ òfin yẹn, kóo sọ òótọ́ gan-an ò gbà ẹ́. Ó dùn mí wọra.

Ọjọ́ 7 pé, kò séèsì. Ẹnì kan ní ọ́físì yẹn tiẹ̀ sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan kánsù. Mo bá kọ lẹ́tà ìránnilétí: Supreme Court ti sọ ní April 2025 pé òfin yìí de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà, pé bí wọ́n bá dákẹ́ bákan náà ni pẹ̀lú kí wọ́n kọ̀, pé mo lè gba kóòtù lọ láàárín ọjọ́ 30, àti pé ₦500,000 ni owó ìtanràn ẹni tó bá fi ìwé pamọ́ láìtọ́.

Ọjọ́ kẹrin sígbà yẹn ni wọ́n pè mí. Ojú ìwé mẹ́rin, owó fọ́tòkọ́pì nìkan ni mo san, bí òfin ṣe wí. Òrùlé wà níbẹ̀ kedere, wọ́n ti sanwó ẹ̀ tán. Mo ti ń kọ lẹ́tà kejì báyìí, mo fẹ́ rí ìwé ẹni tó buwọ́ lù ú pé iṣẹ́ parí.