Preamp tó ń kùn bí oyin: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú títo kíìtì, àti ibi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Bí preamp (ẹ̀rọ tó ń ṣètò ohùn kó tó dé áńpù) tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò bá ń kùn, tàbí tó dákẹ́ lọ gbári, IC, ègé dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń gbé ohùn ga, ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ra òmíràn, ìyẹn náà á gbóná, wọ́n á tún ra ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni iná tí ń wọ bọ́ọ̀dù, tàbí ọ̀nà tí wọ́n gbà so gíráúndì (ojú òdo tí a ti ń wọn gbogbo fólítì bọ́ọ̀dù), ló ń pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí a ó fi pẹ́ lórí iná níbí, tí a ó sì sáré kọjá lórí àwọn ìyókù.

Kíìtì tí à ń sọ ni èyí tó pọ̀ jù lọ́jà: IC NE5532 méjì, kọ́ńtírólù fọ́líùmù, báàsì àti trẹ́bù, dáyóòdù mẹ́rin tó ń sọ iná AC di DC, kapásítọ̀ ńlá méjì, rẹ́gúlétọ̀ 7815 àti 7915 (tó ń mú iná dúró ṣinṣin ní 15 fólítì lókè òdo àti 15 nísàlẹ̀ òdo), àti ihò mẹ́ta tí wáyà tiransifọ́mà máa wọ̀, tí wọ́n kọ AC, 0, AC sí lára.

Tiransifọ́mà tí kò lè dúró de iná ìrọ̀lẹ́

Ẹ má ṣe mú tiransifọ́mà 12-0-12 (12 fólítì ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 0 láàárín) so mọ́ bọ́ọ̀dù tó ní 7815 nítorí pé òun ló wà nílé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. AC 12 fólítì ní ìlọ́po 1.41 jẹ́ 17. Ẹ yọ 0.7 tí dáyóòdù ń jẹ, ó ku nǹkan bí 16. Rẹ́gúlétọ̀ 7815 ní láti rí nǹkan bí 17 gbà kó tó lè gbé 15 tó dúró ṣinṣin jáde. Tí ohun tó ń rí bá dín sí ìyẹn, ìgbì iná á máa gba inú rẹ̀ kọjá, sípíkà á sì máa kùn hùùù láìdabọ̀, 100 Hz, ìlọ́po méjì 50 Hz tí iná wa ń lò.

15-0-15 ló tọ́, àmọ́ òun náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò tí ilé pọ̀ jù lórí tiransifọ́mà kan mọ bí iná ṣe máa ń rí nígbà tí gbogbo ayé bá tan fíríìjì àti fáànù nírọ̀lẹ́. Bí 230 bá já sí 170, tiransifọ́mà 15 á máa gbé nǹkan bí 11 jáde. Tó bá gba ìlọ́po 1.41, tó sì kọjá dáyóòdù, 15 péré ló kù, èyí tí kò tó 7815 lò. Nítorí náà, bí preamp yín bá ń kùn láago méje alẹ́, tó sì mọ́ tónítóní láago méjìlá òru, ẹ má tíì tú bọ́ọ̀dù. Ẹ fi mítà wọn iná ògiri ná.

Ìmọ̀ràn wa fún Abẹ́òkúta ni kí ẹ fi 7812 àti 7912 (ti 12 fólítì) rọ́pò 7815 àti 7915, kí ẹ sì fi tiransifọ́mà sílẹ̀ ní 15-0-15. NE5532 kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú fólítì 12 lókè àti 12 nísàlẹ̀. Etí yín kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù á fara da iná tó lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 165.

Iná tó bá ga náà ní wàhálà tirẹ̀. Tiransifọ́mà kékeré tí kò rí ẹrù gbé lè gbé 18 jáde dípò 15, ìyẹn ní ìlọ́po 1.41 sì ju 25 lọ dáadáa nígbà tí iná ògiri bá tún fò sókè. Kapásítọ̀ 2200 µF tí wọ́n kọ 25V sí lára kò ní pẹ́ tó fi máa wú lórí. 35V ni kí ẹ rà. Owó tó fi wọ́n jù kò tó nǹkan.

Àwọn kan máa ń fẹ́ fi ṣájà láptọ́ọ̀pù 19V rọ́pò tiransifọ́mà. Ẹ má ṣe é. DC ni, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ní, op-amp inú kíìtì yìí, ìyẹn IC NE5532, sì ń wá iná òkè àti iná ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá so ó, ẹ ó rí 15 lókè, kò ní sí nǹkan kan nísàlẹ̀, ohùn á dà bí ẹni tí wọ́n di ẹnu rẹ̀.

Bí àwọ̀ wáyà tiransifọ́mà bá ti ṣí, ẹ má ṣe méfò èwo ni 0. Ẹ fi mítà sí ohm, ẹ wọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní méjì méjì. Méjì tí iye wọn pọ̀ jù ni ìpẹ̀kun. Èyí tó kù ni àárín, òun ló ń lọ sí 0. Tó bá sì jẹ́ tiransifọ́mà róbótó tó ní ihò láàárín, ẹ ṣọ́ bóòtù rẹ̀: kò gbọdọ̀ kan irin àpótí lókè kó tún kan án nísàlẹ̀. Bóòtù àti àpótí á di òrùka wáyà kan ṣoṣo, iná ńlá á máa yí nínú rẹ̀, tiransifọ́mà á sì jó láìjẹ́ pé bọ́ọ̀dù ṣe nǹkan kan.

Rẹ́gúlétọ̀ méjì tí kì í ṣe ìbejì

7815 àti 7915 jọra lójú bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò bára mu. Ẹ kọ ojú ọ̀rọ̀ ara wọn sí ara yín, kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ti 7815 láti òsì ni àwọlé, gíráúndì, àbájáde. Ti 7915 ni gíráúndì, àwọlé, àbájáde. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sí ààyè èkejì á ti bà wọ́n jẹ́ kó tó dé ibi orin.

Èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ ni irin ẹ̀yìn wọn. Ti 7815 so mọ́ gíráúndì, kò léwu. Ti 7915 so mọ́ àwọlé rẹ̀, níbi tí nǹkan bí 20 fólítì wà nísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá kan méjèèjì mọ́ hítísíǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò) kan náà láìfi máíkà tí iná kì í gbà kọjá àti ike bóòtù sí abẹ́ 7915, ẹ ti so iná ìsàlẹ̀ mọ́ gíráúndì nìyẹn. Fíúsì á já, tí ẹ bá fi fíúsì sí i. Tí kò bá sí, dáyóòdù ló máa lọ. Kí ẹ tó tan iná, ẹ fi mítà tí ń ké píì sí irin méjèèjì. Kò gbọdọ̀ ké.

Ti kapásítọ̀ tún fara jọ èyí. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ìlà funfun ara rẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ìyọkúrò. Ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni pé ní ọ̀nà iná ìsàlẹ̀, gíráúndì ló ga ju iná lọ. Ẹsẹ̀ gígùn kapásítọ̀ ibẹ̀ ń lọ sí gíráúndì, ìlà funfun sì ń lọ sí iná. Ẹni tó bá to méjèèjì kọ ojú síbì kan náà kí wọ́n lè gún régé lójú máa gbọ́ ìbúgbàù. Ẹ tẹ̀lé àmì ara bọ́ọ̀dù, kí ẹ sì gbé ojú kúrò lórí rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan án.

Ẹ má tíì fi IC sí i

Bí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan ṣoṣo lò nínú gbogbo èyí, kó jẹ́ ìlànà títan-iná yìí. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni kí ẹ jó mọ́ bọ́ọ̀dù, kí IC wà nínú ọ̀rá rẹ̀.

Ẹ wá gílóòbù àtijọ́ tó ní okùn nínú, 40 watt. LED tàbí gílóòbù aláìjẹná kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ẹ so ó sí ojú ọ̀nà wáyà iná tó ń lọ sí tiransifọ́mà, kí iná gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ibẹ̀, kí fíúsì 250 mA onísùúrù, èyí tí lẹ́tà T wà lára rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ fi ike bo gbogbo ojú wáyà 230. Ẹ tan án. Gílóòbù á bù yẹ̀rì, á sì kú tàbí kó pọ́n díẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ná. Bó bá mọ́lẹ̀ gbòò tí kò sì rọ̀, ẹ pa á: ibì kan ti kan ara wọn.

Tó bá ti rọ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ dúdú mítà sí gíráúndì, kí ẹ fi pupa wọn ihò 8 sọ́kẹ́ẹ̀tì: +12 (tàbí +15). Ihò 4: −12 (tàbí −15). Ìyàtọ̀ ìdajì fólítì kò burú. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, ẹ padà sí rẹ́gúlétọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa iná, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí kapásítọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọn án kó dájú, kí ẹ tó ti IC wọlé, kí ibi tó gé wọnú lórí rẹ̀ bá ti àwòrán bọ́ọ̀dù mu. IC tó wọlé ní ìdàkejì gba iná òkè ní ẹsẹ̀ iná ìsàlẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ sì ti tó fún un.

Ẹ tún tan án, láìso sípíkà mọ́ ọn. Ẹ wọn ẹsẹ̀ 1 àti 7, níbi tí ohùn ń gbà jáde. Mílífólítì díẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 10 tàbí 11 fólítì, op-amp ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ wá lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tí a fi ń jó ẹsẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù) tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, tàbí rẹsísítọ̀ tó yẹ kó so ẹsẹ̀ 3 tàbí 5 mọ́ gíráúndì tí lẹ́ẹ̀dì kò mú dáadáa. Ẹ má so ó mọ́ áńpù nírú ipò yìí, torí sípíkà lè lọ sí i.

Áàtì lórí àpáta

Orúkọ ìlú wa kò purọ́. Lágbègbè Ìkìjà àti àwọn ibi tó yí Olúmọ ká, irin áàtì, èyí tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá ṣìnà lè gbà á wọnú ilẹ̀, lè wọlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì kó kan àpáta, kí oníwáyà sì gé èyí tó kù dànù. Ihò kẹta sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri á wà lójú, kò sì ní so mọ́ ohunkóhun tó nítumọ̀. Àpáta gbígbẹ kì í gbé iná dáadáa. Àmì rẹ̀ ni pé àpótí preamp máa ń ta yín díẹ̀ bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, tí kíkùn náà á sì yí padà bí ẹ ṣe ń fọwọ́ kàn án.

Ẹ má ṣe yanjú rẹ̀ nípa gígé wáyà áàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì. Kíkùn lè lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wáyà iná bá já kan àpótí, ara ẹni tó dì í mú ni iná máa gbà kọjá. Ẹ pe oníwáyà kó wá ibi tí erùpẹ̀ ti jìn nínú ọgbà, pàápàá níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, kó so irin méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, tàbí kó gbẹ́ kòtò gígùn kó tẹ́ bàbà sínú rẹ̀ pẹ̀lú èédú àti iyọ̀.

Lẹ́yìn èyí, bí kíkùn bá ṣì wà nígbà tí preamp àti áńpù bá so pọ̀, gíráúndì ti ṣe òrùka: ọ̀nà kan gba áàtì, èkejì gba wáyà ohùn. Ojúkò kan ṣoṣo ni kí gbogbo gíráúndì bọ́ọ̀dù ti pàdé. Láti ojúkò yẹn sí irin àpótí, ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 ohm àti kapásítọ̀ 100 nF sí i ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn dípò wáyà lásán. Ihò àwọlé ohùn kò gbọdọ̀ kan irin àpótí, àfi kí ike yí i ká. Irin àpótí fúnra rẹ̀ ṣì ń lọ tààrà sí áàtì.

Àwọn kéékèèké tó ń fa wàhálà

Ìlà aláwọ̀ lára rẹsísítọ̀ búlúù ṣòro kà. 1 kΩ oníìlà márùn-ún, bí ẹ bá kà á láti ẹ̀yìn, á di 110 ohm. 10 kΩ á di 120. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jó o. Lára kapásítọ̀ kékeré, 104 jẹ́ 100 nF, 101 jẹ́ 100 pF: ẹ pààrọ̀ wọn, trẹ́bù á parẹ́.

Áyọ́ọ̀nù 30 sí 40 watt àti lẹ́ẹ̀dì 0.8 mm tó. Ẹ gbóná ẹsẹ̀ àti ojú bàbà pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n. Ẹ má ṣe fi áṣíìdì àwọn tí ń lẹ ràdíétọ̀ mọ́tò kan bọ́ọ̀dù. Ó máa ń jẹ ojú bàbà díẹ̀díẹ̀.

Kọ́ńtírólù tí wọ́n kọ A50K sí ni ti fọ́líùmù. Èyí tí B wà lára rẹ̀ ni ti báàsì àti trẹ́bù. Fọ́líùmù tó bá jẹ́ B máa ń bú gbàmù ní ìbẹ̀rẹ̀ yíyí rẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́.

Ẹni tó bá ń to preamp kó lè gbọ́ àwo sákárà àti àpàlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kíìtì yìí nìkan kọ́ lẹ ń wá. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo ń gbé nǹkan bí 5 mílífólítì jáde, wọ́n sì ti dín báàsì kù, wọ́n ti gbé trẹ́bù ga nígbà tí wọ́n ń gẹ́ àwo náà. Phono preamp oní-RIAA (orúkọ ìlànà gígẹ́ àwo yẹn) ló ń dá a padà. Láìsí i, ohùn á tínrín bí ti tẹlifóònù àtijọ́.

Ayédèrú NE5532 pọ̀. Ọ̀nà kan tó rọrùn láti mọ̀ ọ́n ni iye iná tó ń mu. Ẹ fi rẹsísítọ̀ 10 ohm sí ojú ọ̀nà iná òkè rẹ̀, kí ẹ wọn fólítì orí rẹsísítọ̀ náà. NE5532 gidi ń mu nǹkan bí 8 mA, mítà á fi nǹkan bí 80 mílífólítì hàn fún IC kan. Bó bá jẹ́ 30 péré, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ IC mìíràn, 4558, ni wọ́n kọ orúkọ mìíràn sí lára. Bó bá ju 80 lọ fíìfíì, tí IC sì gbóná láìsí orin nínú rẹ̀, ó ń mì jìgìjìgì níbi tí etí kò lè gbọ́: ẹ jó 100 nF mọ́ ẹsẹ̀ 8 sí gíráúndì àti ẹsẹ̀ 4 sí gíráúndì, kó sún mọ́ IC bí ó bá ti lè sún mọ́ ọn tó, kí ẹ sì fi 100 ohm sí ojú àbájáde kó tó dé wáyà gígùn tó ń lọ sí áńpù.