Bí a ṣe ta gìtá Sweet Mother níbi ìrántí ìyá mi ní Kábà

Ìyá mi kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀kọ́ rí. Èdè Owé, tí àwa ará Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogi ń sọ, ló ń sọ nílé, Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ló fi ń bá àwọn tó wá ra gàrí láti Ìlọrin dúnàá dúrà, ó sì gbọ́ Haúsá ìwọ̀nba fún àwọn alálùbọ́sà. Kò gbọ́ Pidgin. Síbẹ̀ orin Pidgin kan wà tó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ló sì máa ń kọ tó bá ń yan gàrí lẹ́yìnkùlé: Sweet Mother ti Prince Nico Mbarga.

Nígbà tó ku oṣù méjì kí ọdún kan pé tí a sin ín, àwọn àbúrò mi ní kí a háyà DJ. Mo ní mi ò fẹ́. Mo fẹ́ kí onílù àti onígìtá jókòó síwájú ilé wa ní Odolu, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn lu orin náà fún un. Mo ti ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mẹ́wàá, mo sì rò pé orin tó rọrùn ni. Kò rọrùn.

Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ni mo kọ́kọ́ wá. Ó wà lórí fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ bí ìyá mi ṣe gbọ́ ọ. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń kó iṣu lọ sí Onitsha láyé ìgbà tó ṣì lágbára.

"Okun, Bàbá," ni mo kí wọn.

"Okun o, ọmọ mi. Ṣé kò sí o?"

Bí mo ṣe sọ ohun tí mo bá wá, wọn ò tíì jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dìde. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni àpótí náà wà. Wọ́n ní Kwara ni àwa ará Kábà ṣì wà lọ́dún 1976 tí orin náà jáde, kò sí ohun tó ń jẹ́ Kogi, àti pé ní gáréèjì Onitsha, bí o bá kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń lu ú, iwájú ṣọ́ọ̀bù míì tó ń lu òun náà lo máa bá ara rẹ. Wọ́n fi owó iṣu ra ẹyọ kan bọ̀ wálé. Ìyá mi kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà, oyún mi sì wà nínú rẹ̀. Èmi ò gbọ́ ìyẹn rí títí di ọjọ́ yẹn.

Mo ka ìtàn ẹni tó kọ orin náà kí n tó gbé gìtá, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lu orin olórin nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Abakaliki ni wọ́n bí Nico sí lọ́dún 1950. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyá rẹ̀, ọmọ Kamẹrúùnù ni bàbá. Nígbà ogun abẹ́lé, Kamẹrúùnù ló wà. Nínú ẹgbẹ́ olórin ilé ìwé níbẹ̀ ló ti kọ́ kóńgà, ìlù àti gìtá. Nígbà tó padà dé, ó dá Rocafil Jazz sílẹ̀, wọ́n sì ń ṣeré ní Plaza Hotel ní Onitsha. Ó gbé Sweet Mother lọ fún ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù EMI, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó dà bí orin ọmọdé. Rogers All Stars, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà ní Onitsha níbẹ̀, ló gbà á. Iye tí wọ́n ní ó tà lé ní mílíọ̀nù 13.

Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ̀ ọ́ yẹn gan-an ni mo gbà pé ó gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Àwa a máa fi ìyá wé wúrà. Nico kò fi wé nǹkan kan. Ó kàn ń ka iṣẹ́ ìyá ni: òru tí ọmọ ò sùn, àkókò tí kò fẹ́ jẹun, ìgbà tí ara rẹ̀ ò yá. Ìyá tó bá ti pọn ọmọ ibà rìn lóru kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un. Pidgin tó sì fi kọ ọ́ kì í ṣe èdè ẹ̀yà kankan, torí náà kò sẹ́ni tó lè ní tiwa nìkan ni.

Gìtá ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Mo fi áàpù orí fóònù dín eré orin náà kù sí ìdajì, mo sì ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́. Nico mú ọ̀nà tí àwọn ará Kóńgò ń gbà fi ìka ta gìtá, ó pò ó mọ́ háíláìfù, ó sì pe àṣà náà ní panko. Gìtá tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, èyí tí mo rò pé ẹnì kan ló ń ta sì jẹ́ ti ẹni méjì tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Ohùn mẹ́rin péré ni ọ̀kan ń mú, á sì máa tún un ta láìrẹ̀.

Onígìtá tí mo mú wá láti Ìsánlú mọṣẹ́ jù mí lọ fíìfíì. Ìyẹn ló fa wàhálà. Kò sí àyè tó ṣí sílẹ̀ tí kò ní fi ohùn dí. A dán an wò nínú kíláàsì kan ní Sátidé àkọ́kọ́, kò dùn, a tún un ṣe, kò dùn. Nígbà tó yá mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gìtá yín sí omele. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Omele kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohùn mẹ́rin yẹn ní jẹ́jẹ́, kò sí àfikún, gbogbo wa tó wà nínú kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a ti rí i mú.

Iná kò sí nínú kíláàsì tí a ti ń ṣe é, torí náà gìtá onígi lásán la lò fún Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onílù wa fẹ́ lu ú bíi ti ìyìn àárọ̀ Sunday. Mo gba ọ̀pá ìlù ọwọ́ rẹ̀, mo fi kóńgà, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rọ́pò.

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ kí a túmọ̀ orin náà sí Owé. A gbìyànjú rẹ̀ dáadáa, odindi ọ̀sán kan ló gbà. Kò ṣeé ṣe. Èdè tiwa ní òkè àti ìsàlẹ̀ tirẹ̀; ibi tí ọ̀rọ̀ ní kí ohùn sọ̀kalẹ̀ ni orin Nico ti ń gòkè, ọ̀rọ̀ a sì di ohun tí kò nítumọ̀. A fi Pidgin sílẹ̀ bó ṣe wà. Kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni akọrin wa kàn pe "Iye" lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ṣe ń pe ìyá nílé wa, pẹ̀lú gìtá kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí, àwọn ìyá ọjà ti jókòó sábẹ́ kánópì kí aago méjìlá tó lù. Akọrin ò tíì la ẹnu tí ìdajì wọn fi dìde, gìtá nìkan ni wọ́n gbọ́. Ìyá tó ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi fún ọdún pípẹ́ kò jó ní tirẹ̀. Ó wá dúró ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó di ọwọ́ sáyà, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ láìfo gbólóhùn kan. Lọ́dún 2004, àwọn tó ń gbọ́ BBC dìbò pé Sweet Mother ni orin tí Áfíríkà fẹ́ràn jù. Mo ti ka ìyẹn ṣáájú. Ojú ìyá yẹn ni mo wò kí n tó gbà á gbọ́.

Okùn gìtá Ẹ̀gbọ́n já ní àárín ibi tí wọ́n ti ń jó. Gìtá kejì kò dúró, ó ń ta lọ, àwọn tó ń jó kò sì mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ títí tí a fi pààrọ̀ okùn.

Nico kò sí láyé mọ́. Jàǹbá ọ̀kadà ló pa á lọ́dún 1997. Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kí a gbàdúrà fún òun náà, a sì ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí a lu ú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, epo jẹnẹrétọ̀ tán, gbogbo ẹ̀rọ kú. Ẹ̀gbọ́n ju wáyà sílẹ̀, wọ́n gbé gìtá onígi tí a fi kọ́ ọ, onílù sún kóńgà mọ́ra, akọrin wa sì jókòó, nítorí àwọn ìyá ọjà ti gba orin náà lẹ́nu rẹ̀.