Tiktin ni wọ́n ń pè é

Ìyá ọkọ mi lè ka gbogbo òpópónà East End fún ọ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n tí o bá bi wọ́n pé níbo ni bàbá àgbà wọn ti wá kí ó tó dé London, ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Warsaw, ní Rọ́ṣíà." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìdáhùn yẹn ò yàtọ̀ sí ti ọmọ Ìkirè tó dé Peckham tó ń sọ fún òyìnbó pé Ìbàdàn lòun ti wá. Ta ló fẹ́ jókòó máa ṣàlàyé Ìkirè?

Júù ni ìdílé ọkọ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi. Nígbà tí ọmọkùnrin wa wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, olùkọ́ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn wá láti ilé. Ní ti ọ̀dọ̀ tèmi, mo pe bàbá mi lórí fóònù. Kí iṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé a ti dé orí ìran karùn-ún, wọ́n sì ti fi oríkì lé e. Ní ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ dúró sórí bàbá àgbà kan tí kò nílùú. Mọ́mì, ìyá ọkọ mi, wo ìwé náà títí. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí nǹkan tí a lè ṣe sí i?" Ìbéèrè yẹn ló gbé èmi àti wọn dé Pólándì ní oṣù kẹjọ ọdún 2018.

Kí n tó dé orí ìrìnàjò, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí a ṣe nílé, torí òun ló le jù. Ẹni tó bá wọ bàálù láìmọ orúkọ ìlú tó ń wá, ó lọ náwó sínú òkùnkùn ni. Àwa náà ti kọ́kọ́ náwó dànù. A sanwó fún ẹnì kan tó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa wá ìtàn ìdílé kiri. A ní Warsaw ni kó wò. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó fi orúkọ èèyàn mọ́kàndínlógún ránṣẹ́, kò sí ìkankan tó jẹ́ tiwa níbẹ̀. Mi ò lè dá a lẹ́bi tán. Ìbéèrè tí a bi í ló wọ́.

Ìwé ìkànìyàn ọdún 1911 ló kó bá wa: "Warsaw, Russia" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni apá Pólándì yẹn wà nígbà náà, ìyẹn ò ṣòro láti lóye. Warsaw ló jẹ́ irọ́.

Ojú oórì bàbá àgbà ní East Ham la kọ́kọ́ lọ. Òkúta ojú oórì Júù kì í fi orúkọ bàbá òkú pamọ́. Lédè Hébérù, wọ́n á kọ ọ́ pé lágbájá ọmọ lágbájá, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé gan-an, kì í ṣe èyí tí London sọ ọ́ dà. Ọdún tí wọ́n kú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́tà ni wọ́n sì fi kọ ọ́, torí lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Mẹ́rin ló wà lórí tiwọn: 400, 300, 10, 4. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 714. Fi 1240 kún un, ó di 1954. (Tó bá jẹ́ láàárín ọdún tuntun wọn, tó sábà ń bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, sí ìparí Disẹ́ńbà lẹni náà kú, ẹ yọ ọ̀kan kúrò.) Mọ́mì tó ti ń wá síbẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò tíì ka òkúta yẹn rí. Wọ́n kàn ń nù ún ni.

Kew ni ìwé tó yanjú ọ̀rọ̀ wà, ní ilé tí ìjọba ìlú ọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí. Nínú àwọn fáìlì tí wọ́n sàmì HO 144 sí ni ẹ ó ti rí ìwé àwọn àlejò tó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sọ wọ́n di ọmọ ìlú. Ọlọ́pàá á ti wádìí ìwà wọn, àwọn tó mọ̀ wọ́n á ti jẹ́rìí sí wọn. Níbi tí wọ́n ti ní kí bàbá àgbà kọ ìlú tí wọ́n bí wọn sí, wọ́n kọ "Ticktin".

Mo yí ìwé náà sí Mọ́mì. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Tiktin! Bàbá àgbà máa ń sọ ọ́! Tí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ tí a pẹ́, wọ́n á ní ṣé Tiktin lẹ lọ ni. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ lásán ni."

Orúkọ tí àwọn Júù ń pe Tykocin ní èdè Yiddish ni Tiktin. Ìlú kékeré ni, létí odò Narew, kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí Białystok. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀nà là. Àwọn afínnúfíndọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní JRI-Poland. Wọ́n ti ka àwọn ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ikú ìlú Pólándì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì to orúkọ inú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe fi sípẹ́lì dá ara yín lẹ́jọ́ níbẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n fi orúkọ àwọn méjì tó ṣe é pè, Daitch-Mokotoff, láti ọdún 1985: bí orúkọ ṣe ń dún létí ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Sípẹ́lì mẹ́rin ni orúkọ ìdílé ọkọ mi ní. Gbogbo rẹ̀ ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A rí nọ́ńbà ìwé ìbí bàbá, a sì gba ẹ̀dà rẹ̀, ojú ìwé kan tó kún fún lẹ́tà Rọ́ṣíà tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò lè kà.

Ìdí tí mo fi ní ká lọ sí àpérò nìyẹn. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń wá ìran Júù, IAJGS, ń ṣe é, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń bọ́ sí. Ti 2018, ẹlẹ́ẹ̀kejìdínlógójì irú rẹ̀, bọ́ sí Warsaw, láti ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá oṣù kẹjọ. Páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Ẹni tó gba fọ́ọ̀mù físà lọ́wọ́ mi ka ìdí tí mo fi ń rìnrìn àjò, ó wojú mi, ó tún ka ìwé.

"Àpérò lórí ìran àwọn Júù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ?"

Mo ní ìyá ọkọ mi ni mò ń sìn lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gba ìwé náà.

A dé Warsaw ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a gba takisí lọ sí itẹ́ òkú àwọn Júù ní òpópónà Okopowa. A bá géètì ní títì pa. A dúró síbẹ̀ nínú ooru, à ń wá aago ilẹ̀kùn, títí Mọ́mì fi lu iwájú orí ara wọn. Sátidé ni! Ọjọ́ ìsinmi Júù, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó jẹ́ Júù ló sì gbàgbé. Wọ́n ní kí n má sọ fún ọmọ wọn. Mo ti sọ fún un kí a tó kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì la wọlé. Láti 1806 ni wọ́n ti ń sin òkú síbẹ̀, ibojì tó wà níbẹ̀ lé ní 200,000, igbó sì ti bo ọ̀pọ̀ wọn. Zamenhof tó dá èdè Esperanto sílẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni wa kankan níbẹ̀. Ojú la fẹ́ fi kọ́ bí a ṣe ń ka òkúta. Àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a gbẹ́ sórí òkúta túmọ̀ sí pé ìran àlùfáà lòkú. Ìkòkò omi jẹ́ ti ìran Léfì. Fìtílà sábà máa ń wà lórí ti obìnrin. Igi tí a dá sí méjì, ẹni tó kú ní kékeré ni. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bo orí kó tó wọlé, kí gbogbo yín sì wọ ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀, torí eégbọn ń bẹ nínú koríko ilẹ̀ yẹn.

Ní ti àpérò fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju etí lọ, yàrá mẹ́fà lè máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fo gbogbo èyí tó dá lórí DNA. Àwọn Júù ilẹ̀ yẹn ti ń fẹ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ̀jẹ̀ wọn á máa sọ pé ìbátan ni gbogbo wọn. Mọ́mì ní irú ìbátan bẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí èyí tí wọ́n mọ̀. Ohun tó wúlò ni tábìlì ẹ̀gbẹ́ yàrá. Mo kọ "Tykocin" gàdàgbà sórí káàdì tó wà lọ́rùn mi, mo sì ń rìn kiri bí ẹni ń polówó ọjà. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Rọ́ṣíà fà mí lápá. Ó ní kí n mú ìwé wá.

Ó gbé gíláàsì sójú. Ó ní láti 1808 ni wọ́n ti ń kọ irú ìwé yìí ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Duchy of Warsaw nígbà náà, láti 1826 ni àwọn Júù ti ní tiwọn lọ́tọ̀, èdè Pólándì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́ títí ọba Rọ́ṣíà fi yí i padà sí èdè tirẹ̀ ní 1868. Lẹ́yìn náà ló wá ń kà á díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà: ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tykocin, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ọkùnrin kan yọjú, Júù, télọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹlẹ́rìí méjì tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá, wọ́n ní obìnrin báyìí ló bí i fún un. Bàbá ọmọ ò mọ̀wé kọ, nítorí náà kò fọwọ́ sí i.

"Télọ̀," ni Mọ́mì ń sọ. "Télọ̀ ni bàbá àgbà náà. Télọ̀ ni dádì mi."

Ọjọ́ ìbí méjì ló wà nínú ìwé náà: 17/29 oṣù kẹta, 1889. Kàlẹ́ńdà Rọ́ṣíà fi ọjọ́ méjìlá rẹ̀yìn sí tiwa nígbà yẹn, wọ́n sì ń kọ méjèèjì. Bí ìdílé wa ṣe ń jà fún ọgọ́ta ọdún lórí ọjọ́ ìbí bàbá nìyẹn, tí apá méjèèjì sì jàre.

Bàbá arúgbó yẹn bi wá pé, ta ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ yìí? Àwọn Júù Áṣíkẹ́nási, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti àárín àti ìlà-oòrùn Yúróòpù wá, kì í fi orúkọ ẹni tó wà láàyè sọ ọmọ. Tí ẹ bá ti rí orúkọ lára ọmọ, ẹ padà sẹ́yìn nínú ìwé ikú, ẹ ó bá àgbà kan tó ń jẹ́ ẹ. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní nílùú tiwa, Babátúndé là ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, Yétúndé tó bá jẹ́ obìnrin. Ó ní kí n tún un pè. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti rí i nínú àtòjọ orúkọ: ìwé ikú ọdún 1888, orúkọ kan náà, ìdílé kan náà. Ọmọkùnrin wa tó kọ orúkọ bàbá àgbà sílé ẹ̀kọ́ ti ní ìran méjì sí i.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn àpérò la háyà mọ́tò lọ sí Tykocin. Ó gbà wá tó wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹyẹ àkọ̀ funfun kún orí òrùlé abúlé ẹ̀bá ibẹ̀. Awakọ̀ ní tí òtútù bá ti ń bọ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń fò lọ. Mọ́mì wò mí. Mo ní èmi ò fò wá o, físà ni mo gbà.

Sínágọ́gù tó wà níbẹ̀, láti 1642 ni. Wọ́n ti sọ ọ́ di mùsíọ́mù báyìí. Ògiri rẹ̀ nípọn bí ti ààfin, àdúrà ni wọ́n sì fi ọ̀dà kọ káàkiri ara rẹ̀ nínú, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà, kí ẹni tí kò ní ìwé lè gbójú sókè kó máa kà á. Lẹ́yìn ogun, ajílẹ̀ ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Mọ́mì lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, wọ́n na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kàn án. Itẹ́ òkú ìlú náà ò ju pápá lọ, òkúta mélòó kan ló kù tó rọra gbun sí ẹ̀gbẹ́. A ò rí tiwa níbẹ̀.

Igbó Łopuchowo ò jìnnà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, 1941, àwọn ará Jámánì kó àwọn Júù Tykocin jọ sí ojúde ọjà, wọ́n sì kó wọn lọ sínú igbó náà, síbi kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pa wọ́n. Bàbá àgbà ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí kò kúrò nílùú. Mo ti ra òdòdó ní Warsaw. Mọ́mì ní kí n fi sílẹ̀ sínú mọ́tò, òkúta làwọn ń gbé lé ojú oórì. Wọ́n yọ òkúta mẹ́ta nínú báàgì, láti inú ọgbà ilé wa ní London, ẹrẹ̀ ṣì wà lára ọ̀kan. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan, wọ́n ní ìyàwó ilé ni mí. Igi páìnì ga fíofío níbẹ̀. A ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a ń padà, mo ṣí fóònù, mo rí iṣẹ́ tí bàbá arúgbó yẹn fi ránṣẹ́. Ó ti bá wa ka ìwé ìgbéyàwó àwọn òbí bàbá àgbà. Ọkọ, ọmọ Tykocin. Ìyàwó, Knyszyn ni wọ́n bí i sí.

Mọ́mì ti bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Knyszyn. Ṣé ó jìnnà?"

Awakọ̀ ní a ti fi sẹ́yìn, kò tó ọgbọ̀n kìlómítà sí Tykocin. Ó wo mí nínú dígí, ó ń dúró kí n sọ ibi tó máa yà sí.